Ọbẹ̀ Alojz

Yìnyín ti bo fèrèsé ní Zabrze.
Láti ọjọ́ tí Truda ti yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn,
tí dókítà fi ẹfun líle di í lẹ́sẹ̀,
ilé ìdáná bọ́ sọ́wọ́ Alojz.
Ogójì ọdún ló fi wa èédú lábẹ́ ilẹ̀;
kò mọ ibi tí iyọ̀ ń gbé.

“Sọ́séèjì ni kó o kọ́kọ́ dín!”
Ohùn ìyàwó gba ara ògiri kọjá.
“Má da òróró sí i, ọ̀rá tirẹ̀ tó o!”
Ó gé e gìdìgbà gìdìgbà bí ẹni ń la igi.
Ọ̀rá ń ta pàrà,
ológbò sá wọ abẹ́ àga.
Àlùbọ́sà pa á lẹ́kún.
Àlùbọ́sà ni, ó ní, àlùbọ́sà ni.
Kárọ́ọ̀tì. Ọ̀dùnkún mẹ́rin,
èèpo ṣì wà lára ọ̀kan.
Kábéèjì kún ìkòkò dẹ́nu,
ìgbà tó yá, ó rọ wọ̀ọ̀.

Ó gbé àwo lọ bá a lórí ibùsùn,
ọwọ́ tó ti gbé àáké rí ń gbọ̀n.
Truda ò sọ pé ó dùn,
kò sọ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù.
Ó yọ èèpo kan lẹ́nu,
ó gbé e sórí aṣọ ìnuwọ́,
ó sì na àwo òfìfo sí ọkọ.