Ta Ló Di Irun Sáyà?

Ìbíyẹmí jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi ní Arákàlẹ̀,
fóònù lórí orúnkún rẹ̀, ìka mi nínú irun rẹ̀.
Ọ̀dọ́ mẹ́fà ń lọ lójú ọ̀run nínú ọkọ̀ onírin,
ayé ti bàjẹ́ lẹ́yìn wọn,
wọ́n ń wá ìràwọ̀ tí omi wà.
Mo ní, "Kí lorúkọ dúdú yìí?"
"Sáyà ni, Àǹtí. Òun ló ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe."

Sáyà.
Mo fẹ́ kì í, mi ò rí ibi tí mo lè dì mú.
Ìbíyẹmí, ìyá kan ló dúpẹ́ kó tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.
Sáyà já bọ́ bíi bọ́tìnnì,
kò sí aṣọ tí a lè rán an mọ́.

Èmi onídìrí, irun ni mo fi ń wo eré.
Ìpín àkọ́kọ́, kòlẹ́sẹ̀ ni, ìlà mẹ́jọ,
ó mọ́ bí ebè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ.
Oṣù méje lójú ọ̀run, ìlà mẹ́jọ yẹn náà ni.
Kò rú. Kò hù. Kò yún un lóru.
Ọmọbìnrin kejì, onírun bí irun àgbàdo,
ń yarun níwájú dígí,
a rí ìyá rẹ̀ lójú àlá, a rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀,
a rí ajá rẹ̀ pàápàá.
Mo ní, "Ta ló di irun Sáyà?"
"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká wòran."

Irun kì í di ara rẹ̀ ní ìpàkọ́.
Ẹni tó rí ìlà tó tọ́ lẹ́yìn orí
ti rí ọwọ́ ẹlòmíràn, ti rí àpótí,
ti gbọ́ "Rọra!" àti "Gbé orí sókè!"
Ẹni tó kọ eré yìí fi irun hàn wá,
ó gé ọwọ́ sọnù.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ó padà wá túrun,
ó mú ìwé ìṣirò rẹ̀ dání,
ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún igi kéékèèké tó fi ń kà.
"Ìgbà mọ́kànlélógójì ni Sáyà sọ̀rọ̀.
Méjìdínlógójì, ẹ́ńjìnnì.
Mẹ́ta péré nípa ara rẹ̀,
méjì nínú rẹ̀ ni 'Mi ò bẹ̀rù.'"
"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"
"Ó ní òtútù ń mú òun."
"Ta ló dá a lóhùn?"
"Wọ́n gé e síbẹ̀."

Ìyẹn dùn mí ju ikú rẹ̀ lọ ní ìpín kẹsàn-án.
Ikú yẹn, mo ti ń rí i bọ̀ láti ìpín kejì:
ẹni tí wọn ò fún nílé ni wọ́n máa ń sọ dakọni.
Ó tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ níbi tí iná ti ń jó,
àwọn márùn-ún yòókù sunkún ìṣẹ́jú kan,
wọ́n gúnlẹ̀.
Kòlẹ́sẹ̀ ni mo pè é tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni.
Pánumọ́ ni wọ́n dì fún un.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ n parọ́ mìíràn.
Lálẹ́ tí Sáyà kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé ìtọ́kọ̀,
Ìbíyẹmí na ẹ̀yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà mi wọ́.
Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.
Ní Ìdànrè, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá,
ẹni tó jọ mí nínú tẹlifíṣàn bàbá mi
abọ́ ló ń gbé kọjá.
Ẹni ebi ń pa kì í ka egungun ẹja;
ọmọ yìí jẹ ẹ́, ó sì kà á.

Ó ku ìlà méjì, iná lọ.
Nínú òkùnkùn ló ti bẹ̀rẹ̀ ìpín kẹwàá tirẹ̀:
Sáyà ò kú.
Ìyá kan ti wà nínú ọkọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀,
kámẹ́rà ni kò yí sọ́dọ̀ rẹ̀.
Ó ní òyà. Ó ní àpótí.
"Ará ibo ni?"
"Àkúrẹ́ ni. Ẹ ò rí bó ṣe ń fa irun?"
Mo dẹwọ́ díẹ̀.