Ìṣẹ́jú-àáyá Mẹ́rìnlá

Oṣù mẹ́rin ní kíláàsì, oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́,
bẹ́ẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Hamilton ṣe là á sílẹ̀.
Iṣẹ́ ń sanwó ìwé,
ìwé ló sì mú mi lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà iṣẹ́.

Oṣù kìíní ni wọ́n fún mi ní fìlà aláwọ̀n
àti bàtà onírin lẹ́nu
ní ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì tó fẹ̀yìn ti ojú irin.
Aago mẹ́rin ìdájí kù díẹ̀. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ kò tíì jí.
Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn, yìnyín ń run wómúwómú lábẹ́ mi
bí ẹni ń jẹ gúgúrú nínú òkùnkùn.

Ọ̀gá wa, Pavlik, gbé aago ìdíwọ̀n lé mi lọ́wọ́:
"Kọ́lẹ́ẹ̀jì, bá mi wá ibi tí iṣẹ́ ti ń há."
Ìbídàpọ̀ ni mò ń jẹ́. Ó wúwo lẹ́nu rẹ̀.
Kọ́lẹ́ẹ̀jì rọrùn, bí búrẹ́dì tí wọ́n ti gé.

Mo ti mọ ìdáhùn, ojú-ìwé ogóje:
ọrùn ìgò ní í pàṣẹ fún omi,
bó ti wù kí ikùn ìgò tóbi tó.
Pípò, wíwú, ààrò, títutù, mo ń tẹ aago.
Mẹ́jọ. Mẹ́jọ. Méje. Mẹ́jọ.
Mo dé ọ̀dọ̀ Lurdes:
mẹ́rìnlá.

Lurdes, ọmọ erékùṣù Azores,
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lójú kan náà,
irun rẹ̀ funfun ju ìyẹ̀fun lọ.
Á gbé búrẹ́dì, á dojú rẹ̀ délẹ̀,
á fi oríkèé ìka kan ìdí rẹ̀,
á dákẹ́ díẹ̀, á wá jẹ́ kó máa lọ síbi ọ̀bẹ.
Bírò pupa ni mo fi kọ orúkọ rẹ̀.

Lóru, nínú yàrá abẹ́ ilé tí èmi àti Gurleen jọ háyà,
mo ṣírò ohun tí a ó jèrè bí ẹ̀rọ bá gba ipò rẹ̀.
Ìlà náà gun òkè lórí kọ̀ǹpútà bí àtẹ̀gùn.
Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi.
Mo ti rí A nínú rẹ̀. Mo ti rí iṣẹ́ lẹ́yìn ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Lurdes pè mí.
"Ìwọ ọmọ yìí, gbé etí wá."
Ó kan ọ̀kan: kó,
bí ilẹ̀kùn ilé tí ènìyàn wà nínú rẹ̀.
Ó kan òmíràn: bù.
"Inú èyí ò jinná. Ara ààrò kẹta ò yá láti àná."
Wọ́n ṣí ààrò kẹta. Ojú iná méjì ti kú.
Agogo ìkìlọ̀ kankan ò dún.
Aago ọwọ́ mi náà ò sọ nǹkan kan.

Ilé ni mo ti ń gbọ́ ọ pé
ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.
N kò mọ̀ pé ẹ̀sọ̀ ní iye,
pé mo ti wọ̀n ọ́n, mo sì pè é ní àléébù:
ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà.

Mo tún ìròyìn náà kọ. Pavlik kà á lẹ́ẹ̀mejì,
ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n, kò sọ̀rọ̀.
B ni olùkọ́ mi fún mi. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé:
"Ìṣirò kíkàn dà?"

Oṣù kẹrin, yìnyín ti di ẹrọ̀fọ̀,
ọ̀la ni mò ń padà sí kíláàsì.
Wọ́n ti fi Yonas ti Lurdes, kó kọ́ ọ bí a ti ń gbọ́.
Ó kan ọ̀kan, ó fi etí lé e, ó tún un kàn,
ó wo ojú ìyá náà.
Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélógún.
Mo kà á.
N kò kọ ọ́ sílẹ̀.