Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ Mánóà

Láti Oṣù Kọkànlá ni òjò ti ń rọ̀ wẹliwẹli sórí Mánóà,
òjò tí kì í bínú, tí kì í sì í lọ sílé.
Nohea ní n má wọ bàtà tuntun.
Mo wọ̀ ọ́.

A ò tíì kọjá igbó ọparun tí ẹrẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ òsì,
ó rọ̀ mọ́ ọn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú.
Mo di gbòǹgbò mú; gbòǹgbò náà ń yọ̀.
"Rọra o, Mórẹ̀nikẹ́," ni mo wí fún ara mi.
Nohea dáhùn láti iwájú pé òun ti gbọ́,
ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá.

Gúáfà jábọ́ kún ojú ọ̀nà, ó ń rà,
òórùn rẹ̀ mú mi dé Ìdànrè, lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án,
èmi àti bàbá mi, à ń ka àtẹ̀gùn òkúta,
òun a mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kà, kí n lè bá a tún un ṣe.
Níbí, kò sí àtẹ̀gùn.
Ìṣubú ni mo ń kà.
Mo pe mẹ́rin ní mẹ́ta, mo dúró díẹ̀.

Lórí òkè, a ò rí nǹkan kan.
Ìkùukùu ti gbé Honolúlù mì,
àti ilé ìwòsàn tí mo ti ṣíwọ́ láàárọ̀, àti òkun.
Nohea bọ́ bàtà mi, ó da omi inú rẹ̀ nù,
ó wo ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti já kúrò,
ó ní òkè ti gba owó oníbodè.

Mo rẹ́rìn-ín títí òjò fi wọ̀ mí lẹ́nu.
Ó rí bí omi ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ ilé wa.