Ìdérí Ìgò

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ara lé ọwọ́ Mùfútáù.
Bàtà onítáyà lẹ́sẹ̀ wa,
sìmẹ́ǹtì gbọ̀ngàn Ìbarà ń kùn lábẹ́ wa bí ẹ̀rọ ìlọta.
Á sọ mí sókè, n ó yí lẹ́ẹ̀mejì,
ọwọ́ rẹ̀ á ti débẹ̀ kí n tó dé.

Lọ́jọ́ ìdíje, òógùn ni.
Kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe ayé.
Òógùn lásán ló yọ ìka rẹ̀ ní ìbàdí mi.
Àwọn adájọ́ ń wolẹ̀.
Orúnkún mi ṣì ń ròyìn rẹ̀
bí òjò bá ṣú lápá Arò.

Ìdérí ìgò ni mo fi ń ronú báyìí.
Mo tò wọ́n sórí tábìlì ìdáná,
pupa lobìnrin, àwọ̀ ewé lọkùnrin.
Mo fi ìka tì wọ́n: wọ́n pàdé, wọ́n yà.
Bílẹ̀ bá mọ́, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀nà wọn sílẹ̀ fáwọn ọmọ.

Sẹmíátù, ọmọ Mùfútáù, wà láàárín wọn.
“Màmá, kí ló dé tí mo fi ní láti dúró níbí?”

Ìmí kan péré ni, mo ní.
Ibẹ̀ lẹnìkejì rẹ ti máa nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.