Yàrá Ẹ̀yìn Jẹnẹrétọ̀

Bíríkìlà ni mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wo ògiri lójú;
n kì í wọlé onílé kí n má wo igun rẹ̀.
Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi kẹ̀kẹ́ tì mí wọ yàrá náà,
lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀, l'Ókè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo,
apá òsì mi ti kú, ẹnu mi ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ṣùgbọ́n ojú mi ò kú.
Mo rí i pé ògiri ibẹ̀ tẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún,
ẹni tó mọ ọ́n kò lo pọ́ńbù.

Kọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà láàárín bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin.
Bí mo bá ké, ìyá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì á ní "Pẹ̀lẹ́ o."
Bí mo bá só, gbogbo yàrá á dákẹ́.

Fadérera lorúkọ ọmọ tó ń tọ́jú iṣan mi.
N kò mọ orúkọ náà títí oṣù kan fi kọjá.
Igbe ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, torí jẹnẹrétọ̀:
"Bàbá, ẹ gbé e! Bàbá, ẹ tún un gbé!"
Ẹni tó bá ń kígbe mọ́ ẹ, tó dúró lé ẹ lórí,
tí ìwọ sì nà gbalaja sílẹ̀, kí lo fẹ́ pè é?
Mo pè é ní sójà nínú ọkàn mi.
Òun náà kọ "alágídí" sínú fáìlì mi.
Díńgí kan wà lára ògiri, gíga ẹni tó lẹ́sẹ̀ ni wọ́n gbé e kọ́ sí.
Àwa tí a jókòó, àjà là ń rí.

Ní oṣù kẹsàn-án, òjò oníjì ṣí páànù.
Omi wọ bẹ́ẹ̀dì, omi wọ fáìlì,
ni wọ́n bá kó wa jáde sábẹ́ igi furúùtù,
níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ń sá aṣọ sí.
Ẹní la tẹ́.
Fadérera náà jókòó. Èèrà ta á bó ṣe ta mí.
Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ gan-an:
ohùn jẹ́jẹ́, tó ní Ìjẹ̀ṣà díẹ̀ nínú.
Ó ní, "Bàbá, kí lọwọ́ òsì yìí ń ṣe tẹ́lẹ̀?"
Mo ní, "Òun ló ń di búlọ́ọ̀kù mú de símẹ́ńtì."
Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé,
ó gbé ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù dé, iyanrìn ṣì ń já lára rẹ̀.
Ó gbé e síwájú mi. Ìka mi mọ̀ ọ́n.
Ìka kan. Ìkejì. Wọn ò lágbára, àmọ́ wọ́n mọ̀ ọ́n,
bí ajá arúgbó ṣe ń mọ olówó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ náà ni mo tó tú ohun tó wà níkùn mi:
pé ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ wa ga jù,
pé kí wọ́n gbé díńgí wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì.
Ó mú bírò, ó ń kọ ọ́.
Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ̀ ọ́n."
Mo ní kòkòrò ló wọ̀ mí lójú.

Wọ́n ti kan páànù báyìí. A ti padà sínú ilé.
Jẹnẹrétọ̀ ń ké, Fadérera tún ti ń pariwo,
ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣì ga; wọ́n ní ìwé rẹ̀ wà ní Abẹ́rẹ́.
Ṣùgbọ́n díńgí ti wálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tú ìṣó.
Láàárọ̀ àná mo rí ẹnu mi, ó tẹ̀ bí ògiri yẹn.
Mo fojú wọ̀n ọ́n. Mo ní, "Fadérera, wá wò ó,
ó ti fi ìnṣì kan padà."
Ó bẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ wọ inú díńgí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi,
ó di ojú kan bí ẹni tó ń wo pọ́ńbù:
"Ààbọ̀ ìnṣì ni, Bàbá. Ẹ má bù mọ́ ọn."