Ògì àti Eérú

Ráúfù kun ojú méjì sára ògiri,
ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.
Ó nu búrọ́ọ̀ṣì sára ṣòkòtò rẹ̀, ó ní:
"Àǹtí, ẹ yan ọ̀kan. Iṣẹ́ ń dúró dè mí ní Àpáta."

Ọ̀kan dà bí ògì
tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omíkan orí rẹ̀ nù.
Èkejì dà bí eérú ààrò
tí òjò fẹnu kàn díẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wò wọ́n.
Láàárọ̀, tí oòrùn bá gba orí páànù Baba Mọ́níyì yọ,
ògì a rẹ́rìn-ín, eérú a dijú.
Lọ́sàn-án, n ò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.
Tí iná bá lọ, tí mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù,
eérú nìkan ló ń dá mi lóhùn.

Mo ya fọ́tò ránṣẹ́ sí Ìbídùn ní Jọ́ọ̀sì.
Ó ní, "Fọ́tò kan náà lo fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."
Ẹni tó ta ọ̀dà fún wa ní Ògúnpa rẹ́rìn-ín:
"Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé ná,
eruku Òkè-Àrẹ̀mọ á bá yín yàn án."
Ìyá mi gbójú kúrò lára ẹ̀wà tó ń ṣà.
"Funfun ni. Funfun ni ìyẹn náà.
Èwo ló wá ń gba ọjọ́ mẹ́ta?"

Níbi tí àga Bàbá máa ń wà,
orí rẹ̀ ti ya òṣùpá kan sára ògiri:
ọdún mọ́kànlélógún àdí àgbọn,
ọdún mọ́kànlélógún ìròyìn alẹ́
àti oorun tí kì í gbà pé òun ń sùn.
Ráúfù ti fi bébà oníyanrìn ha á, ha á.
Ó ní eérú á bò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Ògì ní tirẹ̀, bó pẹ́ bó yá, á jẹ́ kó yọjú,
àfi tá a bá kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ní kó po ògì.
"Ẹ̀ẹ̀mẹta?"
"Ẹ̀ẹ̀kan."
Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ ra bàtà ẹsẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Mọ́níyì wá yá àkàbà,
ó yọrí wo inú yàrá:
"Ìgbà wo lẹ máa wá kùn ún?"
"Wọ́n ti kùn ún," ni ìyá mi wí.
Ó gbé àga padà sí àyè rẹ̀,
kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e.