Ìṣẹ́jú Méje

Nígbà tí a pín ogún Ìyé Àgbà ní Ìtapá,
Bọ́dúnrìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, gba ilẹ̀ ẹ̀bá odò
àti igi obì mẹ́fà tó wà lórí rẹ̀.
Adérónmú kó àpótí aṣọ òkè.
Wọ́n ju aago kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi
bí ẹni fún ọmọdé ní ẹ̀pà,
wọ́n rẹ́rìn-ín.

Aago ọrùn-ọwọ́ ni. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bí eyín arúgbó,
awọ rẹ̀ ń rùn dẹ́tọ́ọ̀lù títí dòní.
Kò lo bátìrì. Bí o kò bá yí i láàárọ̀,
tó bá di ọjọ́ kejì, á dákẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ìyé kì í pè é ní aago. “Agogo mi dà?” ni yóò wí
lóru, tí wọ́n bá ti kan ilẹ̀kùn,
tí ọkọ aboyún kan dúró níta pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, tí ara rẹ̀ kò balẹ̀.
Bó bá dé ilé ìgbẹ̀bí, á bọ́ ọ,
á fi kọ́ ọwọ́ àtùpà tó rọ̀ lára ìṣó,
á fọ ọwọ́ tirẹ̀ títí dé ìgúnpá.
Aago á máa wò ó láti òkè, kẹ́-kẹ́-kẹ́,
bí aládùúgbò tó mọ àṣírí, tí kò ní sọ.

Ìṣẹ́jú méje ló fi ń ṣáájú aago ṣọ́ọ̀ṣì.
Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó ní,
“Ikú kì í pẹ́ dé ìpàdé.
Èmi náà gbọ́dọ̀ ti jókòó kó tó dé.”

Ní Adó, nísàlẹ̀ Ìjìgbò, ọkùnrin kan fi awò sí ojú kan,
ó ṣí ẹ̀yìn aago bí ẹni tú ìgbín,
ó mí kanlẹ̀.
“Irú èyí kò sí mọ́. Àwọn tó ṣe é ti kú,
ilé iṣẹ́ wọn ti di ilé ọtí.”
Ó dá iye owó kan. Mo ní kó tún un dá.
Ó tún un dá, ó lé sí i.

Kí n tó délé, owó náà ti ṣáájú mi dé:
Bọ́dúnrìn ti wà lórí àga Ìyé,
ó ní omi ń jẹ ilẹ̀ ẹ̀bá odò,
ó ní ogún tí a kò díwọ̀n, a kò tíì pín in.

Mi ò dá a lóhùn. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn,
mo fa ìwé ìbí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì:
ìwé àjákọ mọ́kànlá tí Ìyé fi òwú dúdú rán pọ̀.
Ọmọkùnrin. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Òjò.
Ọmọbìnrin. Aago márùn-ún ààbọ̀. Ẹsẹ̀ ló fi wáyé.
Ìbejì ará Òṣìn. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ló wà láàárín wọn,
ìyá wọn ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀kọ.
Bọ́dúnrìn pàápàá wà níbẹ̀:
aago mẹ́rin géérégé, ó ń pariwo.

Mo wá ara mi. Mo ṣí ewé, mo ṣí ewé.
Ọjọ́ náà nìyí. Orúkọ ìyá mi nìyí.
Ọmọbìnrin.
Lẹ́yìn náà, àlàfo.
Lábẹ́ àlàfo, pẹ̀lú bírò tó tẹ̀ tó fi lu ìwé:
Mi ò wo agogo. Ọwọ́ Ìbídùn ni mo dì mú.

Ìbídùn, tí mo mọ̀ nínú fọ́tò nìkan.

Bóyá gbèsè ló san fún mi.
Bóyá ó kàn rí i pé mo fẹ́ràn ohun tó ń dán.
Bọ́dúnrìn ṣì ń kan ilẹ̀kùn.
Mo so aago mọ́ ọwọ́, ní ihò kẹta,
ibi tí ọrùn-ọwọ́ Ìyé ti là á gbòòrò.
Mo yí orí rẹ̀ títí ó fi le.
Aago ṣọ́ọ̀ṣì lu mẹ́fà.
Tèmi ti kọjá ibẹ̀,
n kò sì dá a padà.